Ohùn tó ń ti Iwájú Hilux Wá

Àárọ̀ ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ń wa Hilux jáde ní 23 Road, Festac, táyà iwájú gun bọ́ǹpù, ọkọ̀ sì ké: kíín-ín-ín, bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán mú, kò ké mọ́. Mo fa ìwé pélébé kan yọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Àárọ̀. Bọ́ǹpù. Kíín-ín-ín. Òsì." Ìwé ọkọ̀ ni ìwé náà títí dòní.

*

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ bá mẹkáníìkì, mo ní shock absorber iwájú ti kú. Kò bi mí ní nǹkan kan. A lọ sí ọjà Aspamda ní Trade Fair, a ra méjì, ó dè wọ́n. Kí n tó délé, kíín-ín-ín. Mo yẹ àwọn tó tú sílẹ̀ wò, wọn ò jo epo rárá. Ẹ̀bi mi ni. Ohùn ló yẹ kí n gbé lọ bá a, orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ ni mo gbé lọ.

*

Èdè wa tó iṣẹ́ yìí ṣe. Tí ẹ bá ní ọkọ̀ ń pariwo, mẹkáníìkì ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wí fún un pé gbì ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí táyà já sí kòtò: ojú rẹ̀ á lọ sára ball joint àti búṣì lower arm. Kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ lórí ọ̀nà gbágungbàgun, tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́: linkage stabilizer ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tí a yí sìtíárìn dé òpin tí a sì ń lọ: orí ṣáàfù ni. Ṣùgbọ́n kìkì Hilux tí táyà iwájú rẹ̀ náà ń fà ló ní ṣáàfù níwájú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní in. Húùùù tó ń ròkè bí eré ṣe ń pọ̀: bíárìn. Bí a bá ya sí ọ̀tún díẹ̀ tó sì ròkè sí i, ti òsì ló sábà máa ń jẹ́, torí òsì ni ìwúwo ọkọ̀ rọ́ sí.

Fííí tín-ín-rín tó dákẹ́ bí a bá tẹ bíréèkì, ẹ má fi ṣeré. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ páàdì, tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀ kó máa ha dísíìkì nígbà tí páàdì bá fẹ́ jẹ tán. Mo fẹ́ràn ẹni tó ronú kan irin yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́.

*

Omi ọṣẹ ló tú àṣírí kíín-ín-ín. Ọmọ iṣẹ́ kan ń tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi í sílẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú ike tí mo fi ń wọ́n omi sí aṣọ tí mo bá fẹ́ lọ̀. Mo wọ́n ọn sí búṣì kan, a tẹ́tí. Mo wọ́n ọn sí òmíràn. Nígbà tó kan búṣì ẹ̀yìn lower arm òsì, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́.

"Mọ́mì, ó ti dákẹ́!"

Mo ní kó tún tẹ̀ ẹ́, torí pé ó dùn mọ́ mi.

Omi kì í ṣe oògùn o, búṣì tuntun ni. Àwọn kan á ní ká da ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sí i. Á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí rọ́bà wú, kó sì rọ̀ jọ̀ọ̀.

*

A kì í di bóòtù búṣì tuntun pa nígbà tí táyà ṣì ń fì lókè jáàkì. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lílọ́ ni rọ́bà yóò wà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, kò sì ní pẹ́ ya. Mo dúró ti mẹkáníìkì títí ó fi sọ jáàkì kalẹ̀. Ó bínú díẹ̀.

*

Omi òjò kì í tètè fà ní Festac yìí, ìlú tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Mo ti wa ọkọ̀ nínú omi tó bo ìdajì táyà. Rọ́bà kan bo ball joint bí fìlà. Bó bá ya, omi á wọlé, gíríìsì á jáde, iyanrìn á gba ipò rẹ̀. Kò ní wí nǹkan kan lóṣù náà. Oṣù Keje ló mu omi, oṣù Kejìlá ló ń ké.

*

Mo máa ń wo àwọn Tacoma tòkunbọ̀ ní Amuwo pẹ̀lú àyà jíjá. Ní 2005, Toyota pe ọ̀pọ̀ Tacoma padà ní Amẹ́ríkà nítorí ball joint ìsàlẹ̀ iwájú. Bí ìyẹn bá já, táyà á wó sábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ gbì níwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó má wà á gba Mile 2 lọ láàárín àwọn tírélà. Kó jáàkì í níbi tó wà, kó fi irin gígùn gbé táyà láti ìsàlẹ̀, kó wò ó bóyá joint ń mì.

*

Àárọ̀ òní. Bọ́ǹpù 23 Road: ó dákẹ́. Orí Link Bridge, eré 60: húùùù, kékeré. Mo ya sí òsì, ó ròkè.