Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ti Ń Sin Edé Bí Ẹni Ń Sin Adìẹ

Ibi tí odò Godavari àti odò Krishna ti ń wọ òkun ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, ní ilẹ̀ Íńdíà, tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Oko ìrẹsì ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń súnmọ́ òkun ni adágún ń gba ipò ìrẹsì: adágún onígun mẹ́rin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ ń ta omi inú wọn sókè. Edé ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Kì í ṣe edé wẹ́wẹ́ tí a fi ń se ọbẹ̀ o. Edé ńláńlá tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ mìíràn ni.

Owó ń bẹ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò kéré. Ní ọdún 1994 sí 1995, àrùn alámì funfun kọlu àwọn adágún Íńdíà. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, edé inú adágún lè kú tán láàárín ọjọ́ 3 sí 10, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Ẹni tó ra oúnjẹ edé láwìn, gbèsè nìkan ni yóò kó níbẹ̀.

Ta ni àwọn olóko kéékèèké yóò bi léèrè? Ẹni tó ń tajà fún wọn láwìn ni wọ́n sábà ń sá tọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ta oògùn tí yóò ní kí a má rà á? Nítorí èyí ni MPEDA, àjọ ìjọba Íńdíà tó ń rí sí títa ohun inú omi sí òkèèrè, ṣe gbé ètò dídènà àrùn edé kalẹ̀ ní ọdún 2000 pẹ̀lú NACA, àjọ àwọn ilẹ̀ Asia. Ní 2007, wọ́n dá NaCSA sílẹ̀ ní Kakinada láti kó àwọn olóko jọ sí ẹgbẹ́.

Olùkọ́ tí a bá rán sí wọn gbọ́dọ̀ mọ omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni afẹ́fẹ́ inú omi ń dín kù jù. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ tán kó tó dé kò ní rí ohun tó ń pa edé. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń yẹ ọmọ edé wò kí a tó dà á sómi, kí ó sì mọ oògùn tí àwọn olùrà ní òkèèrè kà léèwọ̀. Ẹ̀kọ́ náà kì í sì í tán: ní 2009, ìjọba fi àyè gba edé funfun ti etí òkun Pàsífíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa edé àtijọ́ kò sì tó mọ́.

Èyí tó le jù kò sí nínú ìwé. Omi tí ẹnì kan dà nù sínú ipadò ni aládùúgbò rẹ̀ ń fà wọlé. Bí edé ẹnì kan bá ṣàìsàn, tó sì tú omi rẹ̀ síta lóru, gbogbo abúlé ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Telugu tí wọ́n ń sọ, kó mọ bí a ti ń gbọ́ tẹnu àgbẹ̀ kí a tó sọ tiwa, kó sì lè mú kí ẹni tí àrùn wọ adágún rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀ láìtijú. Olùkọ́ tí kò bá mọ èyí, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ pọ̀ tó, ẹni tó ń tajà láwìn ni wọn yóò máa gbọ́ tirẹ̀.