Ẹni Tí Ó Ka Okùn Àjọṣe

Àti ka iye ènìyàn tí ń gbé inú agbo ilé kan kò ṣòro. Ọmọdé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àti mọ ẹni tí ó fẹ́ràn ẹni, àti ẹni tí ó ń bá ẹni yodì, ọ̀ràn mìíràn ni. Bí ènìyàn 10 bá wà nínú agbo ilé náà, orí 10 péré ni a óò kà, ṣùgbọ́n okùn àjọṣe tí ó lè wà láàárín wọn ní méjì-méjì tó 45. Okùn kan kì í sì í dá dúró: bí ọ̀rẹ́ méjì bá jà, ìjà náà yóò kan ẹni kẹta tí ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì.

Irú ìṣirò yìí wà lára iṣẹ́ tí Stephen Fienberg ṣe. Toronto ní Kánádà ni a bí i sí ní ọdún 1942. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní ọdún 1968, ó sì lọ sí Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1980. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn tí ń wádìí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fúnra rẹ̀ kọ́gbọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2008, òun pẹ̀lú Edoardo Airoldi, David Blei àti Eric Xing gbé ọgbọ́n tuntun kan jáde. Ìtàn àtijọ́ kan wà lára ohun tí wọ́n fi dán an wò. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Samuel Sampson bi àwọn ọkùnrin 18 tí ń kọ́ṣẹ́ mọ́ńkì ní Amẹ́ríkà léèrè ẹni tí olúkúlùkù wọn fẹ́ràn àti ẹni tí kò fẹ́ràn. Kò pẹ́ tí ìjà fi tú wọn ká. A lé mẹ́rin jáde. Nínú ọ̀nà ìṣirò àtijọ́, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni a ń fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí. Ṣùgbọ́n nínú ọgbọ́n tuntun yìí, a lè pín ẹnì kan sí ọ̀nà 100, kí 70 jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan, kí 30 sì jẹ́ ti òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí àwọn tí ọkàn wọn wà ní apá méjì. (Èyí kò lè ya Yorùbá lẹ́nu: ẹni tí í ṣe ọmọ nílé bàbá rẹ̀ ni í ṣe àna nílé ẹlòmíràn.)

Ewu kan wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ gbogbo ọ̀rẹ́ ènìyàn lè dá a mọ̀, bí a tilẹ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Nítorí náà ni Fienberg ṣe wà lára àwọn tí ó dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ lórí bí a ṣe lè lo irú àkójọ bẹ́ẹ̀ láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ó kú ní Pittsburgh ní oṣù Kejìlá ọdún 2016.