Akéwì Ilẹ̀ Ṣáínà ní Nasarawa

Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́ ojú irin tó gbé mi láti Ìdú ní Àbújá lọ sí Rigasa ní Kàdúná. Kìlómítà 186 ni, ọdún 2016 ni wọ́n sì ṣí i. Ará Ṣáínà náà ló kọ ewì tí mò ń kà lọ́nà. Yu Guangzhong ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Nanjing ni wọ́n ti bí i ní 1928. Ogun abẹ́lé lé òun àti ẹbí rẹ̀ kúrò nílé, wọ́n gba Hong Kong lọ sí erékùṣù Taiwan ní 1950, ọ̀nà ilé sì dí. Ó di ìparí ọdún 1987 kí ìjọba Taiwan tó gbà kí àwọn ènìyàn lọ wo ẹbí wọn ní Ṣáínà lódìkejì. Bẹ́ẹ̀, omi tó là wọ́n láàárín kò ju nǹkan bíi kìlómítà 130 lọ níbi tó ti tóóró jù. Nígbà tí a kọjá Jere ni mo ro ó wò: ojú irin tí mo wà lórí rẹ̀ yìí gùn jù ú lọ.

Àwọn agbófinró gbé ìbọn dání nínú ọkọ̀ wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ kan dúró lójú ọ̀nà yìí, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọ igbó. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni ọkọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n fèrèsé ni ojú gbogbo wa wà.

Láti Rigasa, mo wọ takisí, a gba títì Nnamdi Azikiwe sọdá odò, ó di àdúgbò Nasarawa ní Kàdúná. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kàdúná. Iṣẹ́ aṣọ ló gbé wọn wá láti Ọ̀fà. Lágbègbè Kakuri nítòsí ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ sí nígbà náà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, United Nigerian Textiles, Cha Chi Ming ló dá a sílẹ̀ ní 1964. Ọmọ Haining ní Ṣáínà ni Cha, òun náà sì sá lọ sí Hong Kong ní 1949. Ó kú ní 2007. Ọdún náà kò parí tí ilé iṣẹ́ náà fi ti ilẹ̀kùn. Wọ́n tún un ṣí ní 2010, ṣùgbọ́n èrò ìgbà yẹn kò padà mọ́.

Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ti mú etí Bàbá, igbe ni mo fi ka ewì náà, tí mo sì ń tú u sí Yorùbá. Ewì kúkurú ni, 1972 ni Yu kọ ọ́. Ó mú nǹkan mẹ́rin: sítáǹbù ìgbà ọmọdé, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, sàréè ìyá rẹ̀, àti òkun tó wà láàárín òun àti ilé. Kò pariwo ẹkún. Nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú ló fi bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń wọni lára.

Bàbá kò jẹ́ kí n kọjá tíkẹ́ẹ̀tì.

"Dúró níbẹ̀! Páálí kékeré ni tiwa, ó le. Bí a bá ti wọkọ̀ ní Kaduna Junction, wọ́n á lu ihò sí i. Minna, Jẹ́bà, Ìlọrin, kó tó kan Ọ̀fà. Bí a bá ti kọjá afárá Jẹ́bà, Yorùbá ló kù lẹ́nu gbogbo èèyàn. Inú agolo mílíìkì ni mo ń kó wọn sí. Ìyá àwọn ọmọ ló dà wọ́n nù."

Nígbà tí mo dé orí sàréè, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tiwọn ti kógbá sílé nígbà tí ìyá wọn kú, wọn ò sì tíì san owó òṣìṣẹ́. "Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pamọ́. Kí n tó rí owó ọkọ̀ yá, wọ́n ti sin wọ́n."

Àwọn ará ilé a máa sọ pé ẹni tó bá pẹ́ l'Ókè Ọya ti gbàgbé ilé. N kò gbà á mọ́. Òfin ló dí ọ̀nà akéwì. Owó ló kọ́kọ́ dí ti Bàbá, lẹ́yìn náà àwọn ajínigbé.

"Ó padà délé àbí kò padà?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní ó dé Ṣáínà ní 1992, ó sì tún lọ léraléra lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n Kaohsiung ní Taiwan, níbi tó ti ń kọ́ni ní yunifásítì láti 1985, ló fi ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Kejìlá 2017.

"Àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Obìnrin mẹ́rin ló bí, Bàbá."

"Ibo ló tún fẹ́ lọ? Àwọn ọmọ-ọmọ tèmi, Hausa ni wọ́n fi ń kí mi láàárọ̀."

Wọ́n ní kí n kọ ewì náà sílẹ̀ ní Yorùbá, kí n kọ ọ́ gàdàgbà, àwọn fẹ́ kà á níbi ìpàdé ọmọ Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n kí n yọ ọkọ̀ ojú omi kúrò, kí n fi reluwé sí i, nítorí kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó gba orí omi dé Kàdúná.