Gẹ́n tó ń jẹ ọ́ìlì: ẹ má tíì ra turbo

Ẹ̀yin tí ẹ ní gẹ́n dísẹ́ẹ̀lì àgbà nílé, tàbí tí òbí yín ń fi ṣòwò, ẹ jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn o, ṣùgbọ́n owó ló wà nínú ẹ̀.

Bí gẹ́n oní-turbo bá ń jẹ ọ́ìlì, tó tún ń tú èéfín búlúù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé turbo ti lọ. Nígbà míì, òótọ́ ni. Nígbà míì sì rèé, turbo ò ṣẹ̀ rárá. Ẹ́ńjìnì náà ń wá ibi tó máa gbà mí ni, kò sì rí.

Okitipupa la wà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iná mànàmáná wà ní Ọmọtóṣọ̀ọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa gan-an. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan, mẹ́gáwáàtì 335 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Síbẹ̀, àwọn ìlú kan wà ní gúúsù Oǹdó tí wọ́n lò ju ọdún mẹ́wàá lọ láìrí iná. Gẹ́n kì í ṣe ohun fàájì níbí. Òun ló gbé ọjà dúró.

Màmá mi ń ta ẹja inú yìnyín: Titus, kòtè, pánlá. Gẹ́n tó ń gbé cold room wọn jẹ́ tokunbo, 45 kVA, sílíńdà mẹ́rin, turbo wà lórí ẹ̀. Ó ń mu nǹkan bíi lítà dísẹ́ẹ̀lì 300 lọ́sẹ̀. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ́ìlì ló ń yani lẹ́nu: kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin ló ń lọ sínú ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mẹ́káníìkì tó ń bá wọn tún un ṣe wò ó, ó ní, “Mọ́mì, turbo yìí ti parí. Ẹ wá ₦350,000.” Owó àjọ tí màmá mi ń retí lóṣù yẹn ni wọ́n fẹ́ fi kó ẹja Kérésì. Bí wọ́n bá fi ra turbo, kí ni wọ́n máa tà ní December?

Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pe ẹlòmíì wá wò ó. Bàbá kan ló wá, tó ti ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù gẹdú ṣe kí wọ́n tó bí mi. Bàbá ò fọwọ́ kan turbo. Wọ́n kàn rìn yí gẹ́n náà ká, wọ́n ní, “Ọmọ mi, imú ẹ̀ dà?”

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè.

Nínú sílíńdà, písítìnì ń ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gbóná débi tí dísẹ́ẹ̀lì á fi gbiná. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì máa ń ki afẹ́fẹ́ tó kún àyè bíi 16 sí 20 mọ́ inú àyè kan ṣoṣo. Ti pẹtiróòlù sábà máa ń kéré sí ìyẹn. Rìngì tó wà lára písítìnì ló ń dí ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ yẹn má sá. Ṣùgbọ́n kò sí rìngì tó ń dí i tán. Díẹ̀ á yọ́ lọ sísàlẹ̀, sínú ikùn ẹ́ńjìnì níbi tí ọ́ìlì wà. Àwọn mẹ́káníìkì ń pe ìyẹn ní blow-by. Ẹ́ńjìnì tuntun pàápàá ní i. Ti àgbà ló ń pọ̀.

Turbo tún wá ń dá kún un. Ó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ sílíńdà, nítorí náà èyí tó ń yọ́ kọjá rìngì á pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ á tún gba ara turbo fúnra rẹ̀ bọ́ sínú ikùn yẹn.

Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnì ní imú. Breather lorúkọ ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì àtijọ́, ọ́ọ̀sì kan lásán ni tó ń tú èéfín ikùn síta. Lára àwọn tó dé lẹ́yìn, ọ́ọ̀sì náà á gba inú àsẹ́ kan tó ń dá ọ́ìlì padà, èéfín tó kù á sì padà sẹ́nu turbo. Kó tó di 2007, òfin Amẹ́ríkà ṣì fàyè gba ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá tó ní turbo láti máa tú èéfín ikùn sí afẹ́fẹ́ láìkà á mọ́ èéfín tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Nítorí náà, oríṣi méjèèjì lẹ máa rí nínú tokunbo. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lára tiyín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ turbo ti wọlé nìyí. Pọ́ńpù ló ń fi agbára ti ọ́ìlì lọ sínú turbo. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń tì í padà. Ó kàn ń ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀ fúnra ẹ̀, bí omi òjò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látorí páànù. Bí imú bá dí, afẹ́fẹ́ inú ikùn á máa ti ọ́ìlì yẹn padà sókè. Ọ́ìlì á kún inú turbo, kò ní rí ọ̀nà, á gba ẹ̀gbẹ́ síìlì yọ sínú ẹ́ńjìnì tàbí sínú sàlẹ́ńsà. Èéfín búlúù dé nìyẹn.

Ẹ wá ra turbo tuntun, ẹ dè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì. Ẹ ó máa bú ẹni tó tà á fún yín, ẹni ẹlẹ́ni ò sì mọ nǹkan kan.

Kí la bá lára gẹ́n màmá mi? Ẹni tó ń bójú tó o tẹ́lẹ̀ ò fẹ́ kí ọ́ìlì máa kán sílẹ̀, ló bá ki ẹnu ọ́ọ̀sì breather bọ inú ike, ó fi ọ̀rá àti rọ́bà wé ẹnu ike náà pinpin. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní lóòótọ́! Inú ọ́ọ̀sì náà ti kún fún ẹrẹ̀ funfun kan bí ògì. Ọ́ìlì tó pò mọ́ omi ni. Ẹ́ńjìnì tí kì í gbóná dáadáa ló máa ń ní i.

Kí Bàbá tó tú u, wọ́n wọ̀n ọ́n. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn. Ẹ mọ ọ́ọ̀sì funfun tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí láti fi wo lẹ́fẹ́lì? Òun ni. Wọ́n yọ gèéjì ọ́ìlì, wọ́n ki ẹnu ọ́ọ̀sì kan síbẹ̀, wọ́n dí etí ẹ̀ pa. Ìyókù rọ̀ sílẹ̀ bíi lẹ́tà U, omi díẹ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n tan gẹ́n, wọ́n gbé ẹrù iná lé e. Omi apá kan lọ sílẹ̀, apá kejì gòkè. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ sẹ̀ńtímítà 15. Nígbà tí a fi dísẹ́ẹ̀lì fọ ọ́ọ̀sì, tó gbẹ, tí ẹnu ẹ̀ sì rọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó já sí 4.

(Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ jẹ́ kí ọ́ọ̀sì náà gùn dáadáa kí omi má bàa wọ ẹ́ńjìnì. Ìwé ẹ́ńjìnì yín ló máa sọ iye tó pọ̀ jù fún tiyín. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.)

A ò ra turbo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lítà mẹ́rin ti di méjì.

Ṣé ó ti tán? Rárá o. Ọ̀nà tó dáa jù láti mọ̀ ni kí ẹ fi ọ́ìlì wé dísẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tára ẹ̀ ṣì le kì í jẹ ju ìdajì lítà ọ́ìlì lọ lórí lítà dísẹ́ẹ̀lì 100. Lítà mẹ́rin lórí 300 ti kọjá ìlọ́po méjì ìyẹn. Lítà méjì ṣì lé díẹ̀. Rìngì ti ń jẹ lóòótọ́, Bàbá ò fi pa mọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó máa nílò rìngì tó bá yá yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnì tó ń gba ₦350,000 lọ́wọ́ yín lónìí.

Kí ló jẹ rìngì? Eruku tó gba ibi fílítà tó ya wọlé wà níbẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé gẹ́n ńlá tó ń gbé ẹrù kékeré náà máa ń bàjẹ́. 45 kVA lè gbé nǹkan bíi kílówáàtì 36. Lóru, 6 péré ni wọ́n ń lò. Bí ẹrù bá wà nísàlẹ̀ 30% fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́, iná inú ẹ́ńjìnì ò ní jó tán, rìngì ò ní tẹ ara ògiri sílíńdà dáadáa, ògiri náà á wá máa dán bíi dígí. Ọ́ìlì á máa gòkè, afẹ́fẹ́ á máa sọ̀ kalẹ̀. Ní báyìí, màmá mi ti ń tan gbogbo firísà lẹ́ẹ̀kan náà fún wákàtí díẹ̀, kí ẹja dì gan-gan, kí wọ́n tó pa gẹ́n. Dísẹ́ẹ̀lì náà dín kù.

Nǹkan mẹ́rin tó kù, kí n tó lọ:

Ẹ má bu ọ́ìlì kọjá àmì òkè gèéjì nítorí pé “ó ń jẹ ọ́ìlì.” Ọ̀pá inú ẹ̀ á máa na ọ́ìlì náà bí ẹni po ẹyin, á sì gba breather jáde. Ẹ kàn ń san owó fún kẹ́ẹ̀gì ìsàlẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ gẹ́n, wákàtí 250 ni wọ́n ní kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹni tó ń lò ó wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, oṣù kan pére nìyẹn. Ẹ nu breather lọ́jọ́ kan náà.

Bí ẹ bá ṣí ọmọrí ọ́ìlì nígbà tí gẹ́n ń ṣiṣẹ́, èéfín díẹ̀ kò burú. Bó bá ń tú jáde bíi ti sàlẹ́ńsà, ẹ pe mẹ́káníìkì. Ẹ̀yin ọmọge, ẹ di irun yín kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn, jọ̀ọ́.

Ìkẹyìn ló léwu jù. Ọ́ìlì tó bá gbára jọ sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè di dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ẹ́ńjìnì lọ́wọ́. Á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra ẹ̀, ẹ ó pa kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Pákó tó tẹ́jú, tó nípọn, ni wọ́n fi ń bo ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ bò ó, ẹ má fi aṣọ bò ó, yóò fà á wọlé. Bí ẹ ò bá lè débẹ̀, ẹ sá.

Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí màmá ẹ̀ ń ta ẹja, tàbí tí bàbá ẹ̀ ní búrẹ́dì tó ń yan. Kí wọ́n wá imú gẹ́n wọn lálẹ́ òní. Tó bá jẹ́ pé inú ike ló wà, kí wọ́n yọ ọ́.