Ìgò ata 48 tí kò dé Houston

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, thread gígùn ni o. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ẹ ti ń bi mí nínú DM pé, "Ata Màmá dà?" Ata Màmá ò dé Amẹ́ríkà. Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbí tó fẹ́ gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

2. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wo fídíò mi tipẹ́ mọ ata náà. Odindi ata rodo, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti aáyù nínú ìgò. Màmá mi á da fíníga tí wọ́n ti fi omi là sí i, wọ́n á wá fi òróró díẹ̀ bò ó lórí "kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé." Àǹtí mi, àbúrò wọn tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Houston, tọ́ ọ wò nígbà tí wọ́n wálé ní Kérésì. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká tà á lọ́hùn-ún."

3. Èmi tí mo ti kàwé, tí mo mọ fídíò ṣe, mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Mo tẹ léébù tó rẹwà. Éjẹ́ǹtì kan ní oúnjẹ lásán ni, kò sí wàhálà. Èmi náà ò ka nǹkan kan. Ìgò 48, páálí 4, ó di Amẹ́ríkà. Kí ọkọ̀ òfúrufú tó gbéra, mo ti gbé fídíò jáde, àwọn kan nínú yín tó wà lọ́hùn-ún sì ti sanwó.

4. Wọ́n dá ẹrù náà dúró. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n béèrè: nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti nọ́ńbà ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Mi ò ní ìkankan. Ó ku kí á gbé e padà wálé tàbí kí wọ́n bà á jẹ́. Owó à ń gbé e padà ju owó ọjà lọ. Àǹtí ní kí wọ́n dà á nù.

5. Inú bí mi! Mo kọ thread kan pé àwọn òyìnbó ò fẹ́ kí dúdú rí já jẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní kí n kọ́kọ́ ka òfin náà, kí n lè bú wọn dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọhò.

6. Ata àti kárọ́ọ̀tì kì í ṣe oúnjẹ tó kan fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá da fíníga sí i kó lè pẹ́ lórí igbá láìsí fíríìjì, òfin FDA tó ti wà láti 1979 ní pH rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 4.6 lọ. Bí nọ́ńbà pH bá ṣe ń kéré sí i ni nǹkan ń kan sí i. Kí ló dé tó fi jẹ́ 4.6? Nítorí kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum ni.

7. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé, nítorí náà ó lè bá ewébẹ̀ wọlé. Omi gbígbóná lásán kì í pa irúgbìn rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí ló fẹ́ràn. Májèlé rẹ̀ lè má rùn, ó lè má yí adùn oúnjẹ padà, ó sì máa ń rọ iṣan èèyàn títí èémí á fi ṣòroó mí. Ohun tí kò jẹ́ kó hù ni kí oúnjẹ kan tó. Ní 1977, ní Pontiac, ìpínlẹ̀ Michigan, ata tí wọ́n fúnra wọn kó sínú ìgò ní ilé oúnjẹ kan dá èèyàn tó lé ní 50 dùbúlẹ̀. Ata o!

8. Mo gbé ìgò tó ṣẹ́kù nílé lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé nípa ìmọ̀ oúnjẹ, tó ní ẹ̀rọ pH. Ó ti ẹ̀rọ bọ omi inú rẹ̀: 4.3. Mo ti ń jó. Ó ní kí n dákẹ́. Ó kó ata àti kárọ́ọ̀tì jáde, ó nu òróró ara wọn kúrò, ó lọ̀ wọ́n, ó tún wọ̀n ọ́n: 4.9. Fíníga tí a là jù ò tíì dé inú odindi ata. Òróró tí a sì fi lé afẹ́fẹ́ sá, ilé ló ń kọ́ fún kòkòrò yẹn.

9. Mo délé, mo sọ fún Màmá. Wọ́n wò mí. "Ṣé májèlé ni mo fi tọ́ yín dàgbà?" Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní nílé, ọ̀sẹ̀ kan kì í pé tí a ti jẹ ẹ́ tán, ó yàtọ̀ sí ìgò tó máa wà ní ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́fà. Wọn ò gbọ́.

10. Ọjọ́ kẹta, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì.
"Màmá, kí ló dé tí ẹ fi ń rẹ ọkà fún ọjọ́ mẹ́ta?"
"Kó lè kan ni."
"Ògì kan dé inú. Ata wa ńkọ́? Ara rẹ̀ nìkan ló kan."
Wọ́n gbé asẹ́ sílẹ̀. "O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́ yìí. Nọ́ńbà lò ń kà fún mi. Báwo la ṣe fẹ́ kó kan dé inú?"

11. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ kọ èyí sílẹ̀:
– Ẹ forúkọ ibi iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA. Ọ̀fẹ́ ni. Ọdún méjì-méjì lẹ ó máa tún un ṣe, ẹ sì nílò aṣojú tó ń gbé Amẹ́ríkà.
– Ẹ gba nọ́ńbà FCE fún ibi iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba SID fún ọjà kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n ìgò kọ̀ọ̀kan.
– Onímọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí bí ẹ ṣe ń sè é. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ tí FDA fọwọ́ sí.
– Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi tó wọn létí, ó kéré tán, wákàtí 4 kó tó balẹ̀.
– Ẹni tó ń gbà á lọ́hùn-ún náà gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òun yẹ̀ yín wò.
Nọ́ńbà NAFDAC ò lè rọ́pò ìkankan nínú wọn.

12. Owó tí mo gbà, mo ti dá a padà. Tí tiyín ò bá tíì wọlé, ẹ yọjú sí DM. Mo tọrọ àforíjì. Fídíò yẹn, mo ti yọ ọ́.

13. Ní báyìí, à ń gé ata, à ń bọ̀ ọ́, a ò fi òróró sí i mọ́, fíníga náà ò ki omi bọ̀ mọ́. A gbé e jókòó, ọ̀rẹ́ mi lọ̀ ọ́, ó wọ̀n ọ́n: 3.8. Ìyẹn ò tíì di ìwé àṣẹ o. À ń wá onímọ̀ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ìgò kan ò sì ní kúrò nílé kí nọ́ńbà méjèèjì tó dé.

Màmá tọ́ ọ wò lánàá. Wọ́n ní ó ti kan jù. Mo ní, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Màmá."