Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

Àwọn baba wa ní òwe kan tí ìwọ náà ti gbọ́ rí, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Ó dùn létí, ó sì dàbí òótọ́. Ṣùgbọ́n fi ara balẹ̀ wò ó. Ta ni ó rí àjẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́ ibi rẹ̀? Igbe ni a gbọ́, òkú ni a rí. Àwa tìkára wa ni a so méjèèjì pọ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ̀ràn kan fún ọ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, kí o lè rí ibi tí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2008, ní ìlú Noida lẹ́bàá Delhi, a bá òkú ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún 13, lórí ibùsùn rẹ̀ nínú ilé àwọn òbí rẹ̀. Ẹnìkan ti pa á ní òru. Òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn, ọkùnrin ará Nepal kan, kò sí nílé ní òwúrọ̀ náà, kíá ni gbogbo ènìyàn sì ti parí ẹjọ́: òun ni ó pa ọmọ náà, ó sì ti sá lọ. Àwọn ọlọ́pàá ń wá a kiri. Àwọn ará àdúgbò àti àwọn oníròyìn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń tẹ gbogbo ohun tí ìbá jẹ́ ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Àwọn kan rí ẹ̀jẹ̀ lára ilẹ̀kùn tí a ń gbà gun orí òrùlé. Àgádágodo wà lára rẹ̀, a kò rí kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni a tó fọ́ ọ. Òkú ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ni a bá níbẹ̀.

Ǹjẹ́ o gbọ́ bí? Ní gbogbo wákàtí tí a fi ń pè é ní apànìyàn, òun pẹ̀lú ti kú. Èmi kò lè dé ibi yìí nínú ọ̀ràn náà kí n má dúró díẹ̀. Ọkùnrin kan fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì, wọ́n pa á, wọ́n sì tún fi ẹ̀sùn ìpànìyàn bo òkú rẹ̀. Nítorí kí ni? Nítorí pé tálákà ni, kò sì sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Ẹ̀sùn tí ó kúrò lórí òkú wá bọ́ sórí àwọn òbí. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa ìwà ọmọ tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ gba iṣẹ́ náà. Ní ìparí ọdún 2010 wọ́n ní ẹ̀rí kò tó, kí a pa ìwé ọ̀ràn náà dé. Adájọ́ kọ̀, ó ní kí àwọn òbí wá jẹ́jọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kan ní Ghaziabad rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Níbo ni agbára ẹjọ́ náà wà? Ènìyàn mẹ́rin ni ó wà nínú ilé ní alẹ́ náà. Méjì kú, méjì yè. Nítorí náà àwọn tí ó yè ni ó pa àwọn tí ó kú. Òwe àjẹ́ náà ni èyí, ó kàn wọ aṣọ agbẹjọ́rò ni.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Allahabad. Adájọ́ méjì ni ó gbọ́ ọ. Ìbéèrè wọn rọrùn: ẹ̀rí dà pé kò sí ará ìta tí ó lè wọ ilé náà ní òru? Ìjọba kò lè fi í hàn. Láti ọdún 1984 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Íńdíà sì ti là á sílẹ̀ pé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fojú rí ìpànìyàn, gbogbo ẹ̀rí kéékèèké gbọ́dọ̀ so kọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n irin. Bí ibì kan bá já, a kò lè fi í de ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n dá àwọn òbí náà sílẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́wọ̀n.

Ìwọ lè bi mí pé: ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ńkọ́? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ẹni tí ẹ̀rí kò dè mọ́lé, a kò tíì gbèjà ọmọ náà. Ó lè jẹ́ pé ibòji ni a ṣe fún ẹni tí ó pa á. Àwọn tí ó tẹ ẹ̀rí mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ni èmi ń bá wí.

Opó ọmọ-ọ̀dọ̀ náà kò gba ìdájọ́ Allahabad. Ní ìparí ọdún 2017 ó gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹ̀lé e, ní ọdún 2018 ilé ẹjọ́ náà sì gbà láti gbọ́ wọn. Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kò padà wálé, ìdájọ́ tí ó sì dárúkọ ẹni tí ó pa á ni èyí tí Allahabad fagi lé.