Òwú àti Iná lábẹ́ Afárá Sáńgò

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ afárá Sáńgò ní Ọ̀tà láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ kan láàárín ariwo dánfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ nìyẹn. Páànù ni wọ́n fi bò ó, tábìlì kan wà níwájú rẹ̀, àyọ́ọ̀nù eléèédú àti páálí ìṣáná kan sì wà lórí tábìlì náà. Ẹni tí kò bá mọ Màmá yóò rò pé èédú nìkan ló ń fi ìṣáná ràn. Aṣọ ló máa ń fi dán wò.

Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá ti ń jáde ni ofaróòlù á ti máa dé, èyí ya lórúnkún, èyí tú lábíyá. Á tẹ́ wọn sórí tábìlì, á máa fi àtàǹpàkò tọ ihò ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá tó ń wá egbò lára ọmọ.

Lọ́jọ́ tí mo jókòó tì í, ofaróòlù méjì láti ibi ìyọ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Iná ti ta sí méjèèjì lára. Ihò ara ti àkọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ létí, ó rọ̀, ó sì ń kù bí eérú. Ti èkejì dúdú, ó le, ó dì létí bí ilẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́.

"Òwú ni ti àkọ́kọ́," ó ní. "Ike ni èkejì. Fọwọ́ kàn án wò, ọmọ mi."

Kò ṣì í pè. Pọliẹ́sítà ni ike tó ń sọ. Inú ohun tí wọ́n ń rí lára epo rọ̀bì ló ti ń wá, láti ọdún 1941 tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Whinfield àti Dickson, ti ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi náà ni. Kì í mu omi, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè gbẹ. Ìdí kan náà ni òógùn fi ń há mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ lára nínú oòrùn Ọ̀tà. Bí ó bá gbóná tó nǹkan bí 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á yọ́. Òwú kì í yọ́, jíjó ló ń jó.

Ìmọ̀ yìí ni Màmá fi ń tọ́jú gbogbo aṣọ. Kó tó gé àǹkárá olówùú, á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, kó lè súnkì tán kí ó tó di bùbá. Ó máa ń fi àyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Ti pọliẹ́sítà, àyọ́ọ̀nù á lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, á sì tẹ́ aṣọ òwú lé e lórí. Àdìrẹ Ìtokù, ọ̀tọ̀ ló ń fọ̀ ọ́, nínú omi tútù, á yí inú rẹ̀ síta, á sá a síbi òjìji kí aró má baà ṣá. Sányán tí wọ́n fi sẹ́dà kòkòrò inú igbó hun kì í rí omi lọ́dọ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn ló máa ń fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé aṣọ dé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi ìyọ́rin, ó sì fẹ́ kí Màmá rán aṣọ iṣẹ́ fún òun. Aṣọ náà ń dán, kò rún. Màmá fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, ó ṣá ìṣáná. Fọ́nrán náà súnrakì fún iná, ó ká jọ, ó yọ́, èéfín dúdú yọ. Nígbà tó tutù, ó gbé kóró dúdú náà sí i látẹ́lẹwọ́. Ọmọkùnrin náà fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò fọ́.

Màmá tún fa fọ́nrán ofaróòlù òwú, ó tiná bọ̀ ọ́. Ó ń rùn bí ìwé tó ń jó. Màmá fẹ́ atẹ́gùn sí eérú rẹ̀, ó fò lọ.

"Bí iná bá ta sí èyí, wàá tètè gbọ̀n ọ́n dànù. Bó bá ta sí tìrẹ, á yọ́ mọ́ ẹ lára."

"Kí ni kí n wá fi aṣọ yìí ṣe, mà?"

"Màá fi rán ṣòkòtò ìròde fún ẹ. Lọ ra òwú wá fún iṣẹ́."

Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ wọ ibi ìyọ́rin kọ́kọ́ rí ohun tí ọmọkùnrin yìí rí. Kò ju kóró náà nù. Ó ń yí i láàárín ìka méjì bó ṣe ń sọdá títì lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ.